Ẹ Má Tíì Hú Clematis Yẹn

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà, ìyá kan tó ń gbé ní Thamesmead, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, ti ibi iṣẹ́ òru dé láti ilé ìwòsàn. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì dúró sójú kan. Ìtàkùn tó gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, tí òdòdó aláwọ̀ àlùkò bò láti òkè dé ilẹ̀ nígbà tó ń jáde lálẹ́ àná, ti rọ pátápátá. Ewé rẹ̀ so jọ̀lọ̀, etí ewé náà ti ń dúdú. Àwọn ìrudi tí kò tíì là ti dorí kodò. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan da omi gbígbóná lé e lórí lóru.

Kò rí kòkòrò kankan lára rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbẹ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló bomi rin ín kó tó jáde. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ata tó wà nítòsí kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń dán gbinrin.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé ọkọ́. Bó ṣe fẹ́ hú u ni bàbá òyìnbó tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún, pè é láti òdì kejì fẹ́ńsì. Bàbá náà ní kó gé gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, kó kó ohun tó bá gé dà sínú agolo pàǹtírí, kó máa bomi rin ojú ibẹ̀ lọ, kó sì gbé ọkọ́ padà sílé.

Ìyá náà sọ pé, "Mo rò pé ó kàn fẹ́ pẹ̀tù sí mi lọ́kàn ni. Ilẹ̀ lásán ni mò ń bomi rin fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ mi á dúró lójú fèrèsé, wọ́n á máa wò mí."

Kí oṣù Kẹjọ tó parí, ọ̀mùnú méjì ti yọ láti abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ìtàkùn náà ti ga kọjá orí fẹ́ńsì, òdòdó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Clematis ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti rìn ní àdúgbò ilé gbígbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹsàn-án ti rí i, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ó ń gun ògiri, ó ń gun fẹ́ńsì, ó ń gba orí ilẹ̀kùn kọjá, òdòdó rẹ̀ mìíràn sì ń fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ra ilé ní Peckham, ní Dagenham tàbí ní Manchester ló bá a nínú ọgbà tí onílé àná fi sílẹ̀. Àwọn kan tọ́jú rẹ̀. Àwọn mìíràn rí igi gbígbẹ nínú òtútù oṣù Kejì, wọ́n ní ó ti kú, wọ́n hú u, wọ́n sì fi àyè rẹ̀ gbin ẹ̀fọ́.

Ẹ̀fọ́ gbígbìn kò burú rárá. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí tí a bá ń ju ohun alààyè nù nítorí pé a kò mọ ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ wà. Abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí clematis wà. Ohun tí ojú ń rí lókè lè gbẹ, ó lè rọ, ìgbín lè jẹ ẹ́ tán, yìnyín lè pa á. Bí gbòǹgbò bá jìn, tó tutù, tó sì ń rí omi mu, ìtàkùn yóò tún yọ. Orí èyí ni gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ dúró lé, àti orí mímọ ìgbà tó yẹ kí a gé e.

ÀRÙN TÍ KÌ Í DÉ GBÒǸGBÒ

Ohun tó ṣe ìtàkùn ìyá Thamesmead kì í ṣe ohun tuntun. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan ló ń fa àrùn náà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Calophoma clematidina. Phoma ni àwọn ìwé àtijọ́ pè é. Ó ń gba ara ewé tàbí ojú ọgbẹ́ wọ inú ìtàkùn, ó sì ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Nígbà tí omi kò bá lè kọjá mọ́, gbogbo ohun tó wà lókè ibi tó dí yóò rọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn láàárín òru kan. Bí a bá la ìtàkùn náà sí méjì, a ó rí i pé inú rẹ̀ ti dúdú.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà ló ń mú bákan náà. Àwọn olódòdó ńlá tí wọ́n ń tanná ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní viticella, tí òdòdó tirẹ̀ kéré díẹ̀, kì í sábà kó o. Montana àti alpina náà kì í sábà kó o.

Onímọ̀ àrùn ohun ọ̀gbìn kan tó ti gba ọ̀pọ̀ ológbà nímọ̀ràn sọ pé àwọn ènìyàn ń di ẹ̀bi ru àrùn yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní, "Wọ́n á gbé ẹ̀ka wá bá mi pé àrùn ni. Tí mo bá wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, màá rí i pé ìgbín ti họ èèpo rẹ̀ yí ká, tàbí pé atẹ́gùn ti dá a sí méjì, tàbí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbẹ táútáú." Àwọn mìíràn fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko gé ìdí rẹ̀ láìmọ̀.

Ohunkóhun tó bá fà á, ọ̀nà ìtọ́jú kan náà ni. Kí a gé e dé ibi tí inú ìtàkùn ti tún funfun tàbí tútù, bó tilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ni ọwọ́ yóò kàn. Kí a má ṣe da ohun tí a gé sórí ààtàn ọgbà, nítorí fọ́ńgọ́ọ̀sì náà lè wà lára rẹ̀ títí di ọdún mìíràn. Kí a nu ẹnu àlùmọ́gàjí kí a tó fi kan igi mìíràn. Lẹ́yìn náà, omi àti sùúrù. Kò sí oògùn kankan tí ará ilé lè rà ní Britain tó ń wo àrùn náà sàn, ẹni tó bá sì ń polówó ọ̀kan kò sọ òótọ́.

Ohun tó ń dá ìtàkùn padà ni àwọn ojú tó wà lára rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Bí kò bá sí ojú kankan lábẹ́ ilẹ̀, kò sí ibi tí ọ̀mùnú yóò gbà yọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ gbígbìn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

ỌWỌ́ TÓ GBÉ E WÁ

Clematis tó nǹkan bí 300 ẹ̀yà káàkiri ayé. Ọ̀kan ṣoṣo péré ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, Clematis vitalba, tó ń hù lára igbó etí ọ̀nà ní gúúsù, pàápàá níbi tí ilẹ̀ bá ti jẹ́ ẹfun. Tó bá di ìgbà ìwọ́wé, irun funfun tó wà lára irúgbìn rẹ̀ á bo gbogbo igbó náà. Kò sí ẹni tó ń gbìn ín nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé láyé àtijọ́, àwọn alágbe a máa fi oje rẹ̀ pa ara kí ó lè dá egbò sí wọn lára, kí àánú wọn lè ṣe àwọn tó ń kọjá. Oje gbogbo ẹ̀yà clematis ló ń yún ara, májèlé sì ni fún ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá fẹ́ gé e, kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi ewé rẹ̀ ṣeré oúnjẹ.

Àwọn tó ń ṣe ọgbà lọ́ṣọ̀ọ́ lónìí, òkèèrè ni wọ́n ti wá. Viticella dé láti gúúsù Yúróòpù ní 1569, nígbà ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Ní 1831, Lady Amherst, tí ọkọ rẹ̀ ti jẹ́ gómìnà àgbà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, gbé montana wá láti òkè Himalaya. Lẹ́yìn náà ni patens dé láti Japan, nípasẹ̀ dókítà ará Jámánì kan, Philipp Franz von Siebold. Ní 1850, Robert Fortune, tó ń wá ohun ọ̀gbìn kiri, rí lanuginosa ní Ṣáínà, òdòdó rẹ̀ sì tóbi ju gbogbo èyí tí àwọn ará Yúróòpù ti rí lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni Woking, ní Surrey. Ìdílé Jackman ń ta ohun ọ̀gbìn níbẹ̀. Ní 1858, wọ́n mú lanuginosa ti Ṣáínà, wọ́n fi àtíkè òdòdó so ó pọ̀ mọ́ viticella ti Yúróòpù. Èyí tó tanná ní 1862 ni wọ́n sọ ní 'Jackmanii'. Ó mú títóbi lára ìyá kan, ó mú agbára àti òdòdó yanturu lára ìyá kejì, àwọ̀ àlùkò rẹ̀ sì jìn. Gbogbo ilé ńlá ló fẹ́ ní i. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ọlọ́gbà ní England àti ní Faransé ń so tiwọn pọ̀. Ní 1897 Moser ti Versailles mú 'Nelly Moser' jáde, tí ìlà pupa wà láàárín ewé òdòdó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àrùn tí a sọ lókè yìí ló dá ìdàgbàsókè náà dúró. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ó ti pa ohun ọ̀gbìn púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pa iṣẹ́ clematis tì. Síbẹ̀, 'Jackmanii' àti 'Nelly Moser' ṣì wà lórí igbá títí di òní.

Nínú gbogbo ìtàn àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí òdòdó yìí, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Stefan Franczak. Arákùnrin ìjọ Àgùdà, ti ẹgbẹ́ Jesuit, ni. Wọ́n bí i ní 1917, ó sì kú ní 2009. Nínú ọgbà ilé ìjọ wọn ní Warsaw, ní Poland, ìlú tí ogun ti wó palẹ̀, ló ti ń gbin clematis, tó ń so wọ́n pọ̀, tó sì ń yan èyí tó dára jù, fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì. Kò ní owó, kò ní ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ẹ̀yà tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde lé ní àádọ́ta. Ó sọ ọ̀kan ní 'Jan Paweł II', orúkọ póòpù tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wọn. Ó sọ ọ̀kan ní 'Kardynał Wyszyński', orúkọ kádínàlì ilẹ̀ wọn, ó sọ òmíràn ní 'Westerplatte', ibi tí àwọn ọmọ ogun Poland ti kọ́kọ́ dúró ko ìbọn Jámánì ní 1939. Ohun tí kò ṣeé sọ ní gbangba lásìkò yẹn, ó fi sórúkọ òdòdó. Lónìí, ọwọ́ rẹ̀ wà lára fẹ́ńsì ní Kent, ní Toronto àti ní Tokyo.

GBÌN ÍN JÌN

Ẹni tó bá ti gbin ọsàn tàbí kòkó rí ti gbọ́ ọ pé kí a má ṣe ri ọrùn igi mọ́lẹ̀. Bó ṣe wà nínú ìkòkò ni kó ṣe wà nínú ilẹ̀. Clematis kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn olódòdó ńlá. Ó yẹ kí ìdí rẹ̀ wọlẹ̀ ju bó ṣe wà nínú ìkòkò lọ, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8. Àwọn ojú tí a rì mọ́lẹ̀ yẹn ni yóò yọ ọ̀mùnú lọ́jọ́ tí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀ sí èyí tó wà lókè. Ìyá tó wà ní Thamesmead kò mọ èyí nígbà tó gbin tirẹ̀. Bàbá aládùúgbò rẹ̀ ló dúró tì í lọ́jọ́ náà tó ní kó tún un gbẹ́ sí i.

Kí a kọ́kọ́ ri ìkòkò rẹ̀ sínú korobá omi títí tí kò fi ní hó mọ́. Kí a gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, tó sì jìn tó bẹ́ẹ̀, kí a po ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ erùpẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ògiri la fẹ́ kó gùn, kí a má gbìn ín mọ́ ìdí ògiri. Òjò kì í sábà dé ibẹ̀, bíríkì sì ń fa omi kúrò nínú ilẹ̀. Kí a sún un jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán, kí a dorí rẹ̀ kọ ògiri, kí a sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ ọ sọ́nà.

Àwọn ológbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé clematis fẹ́ kí orí òun wà nínú oòrùn, kí ẹsẹ̀ òun wà nínú òjìji. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni omi. Ilẹ̀ tí òjìji bò kì í tètè gbẹ. Àwọn kan ń to òkúta pẹlẹbẹ sídìí rẹ̀, àwọn kan ń gbin òdòdó kúkúrú síwájú rẹ̀, àwọn mìíràn ń fi ewé jíjẹrà àti èèpo igi bo ilẹ̀ ibẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn dára, bí ohun tí a fi bò ó kò bá ṣáà ti fara kan ìtàkùn. Ní ìgbà ooru méjì àkọ́kọ́, kí a máa fún un ní omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́sẹ̀. Wíwọ́n omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kì í dé ibi tí gbòǹgbò wà.

Tí oṣù Kejì tàbí Ìkẹta àkọ́kọ́ bá pé lẹ́yìn tí a gbìn ín, kí a gé e kù sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ̀yà yòówù kó jẹ́. Ó máa ń ṣòro fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ní Birmingham sọ pé ṣe ni ọkọ òun gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ òun: "Ó ní pọ́n-ùn tí a fi rà á ni mo fẹ́ gé sọnù." Ṣùgbọ́n ìtàkùn tí a kò gé lọ́dún kìíní sábà máa ń dá gùn ní ẹyọ kan ṣoṣo, tí kò ní ẹ̀ka, tí òdòdó rẹ̀ kò sì pọ̀.

KÍ A TÓ MÚ ÀLÙMỌ́GÀJÍ

Ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan wà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ọ̀gbìn ní Kent. Ó ní kò sí ìbéèrè tí òun ń gbọ́ nínú oṣù Kejì tó "Ṣé kí n gé e?" Òun náà kì í dáhùn kó tó béèrè tirẹ̀. Ìyá àgbà kan wá bá a lọ́dún tó kọjá, bí ọ̀rọ̀ wọn sì ṣe lọ nìyí gẹ́gẹ́ bó ṣe rò ó:

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Oṣù wo ló máa ń tanná?"

"Oṣù wo kẹ̀? Ta ló ń ka oṣù? Ìgbà tí ọmọ ọmọ mi ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́ ni."

"Ìdánwò oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà yẹn, àbí?"

"Òun náà ni, ọmọ mi."

"Ẹ má gé e kanlẹ̀ o, Mà. Èyí tó gbẹ nìkan ni kí ẹ yọ."

Ìbéèrè yẹn tó. Ìgbà tí clematis ń tanná ló ń sọ fún wa irú igi tí òdòdó rẹ̀ ń tara rẹ̀ yọ, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ológbà sì pín in sí.

Ẹgbẹ́ kìíní ni àwọn tó ń tanná ní ìgbà òtútù títí dé ìgbà ìrúwé: montana, alpina, macropetala, àti armandii tí ewé rẹ̀ kì í wọ́. Igi tó dàgbà lọ́dún tó kọjá ni òdòdó wọn wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá gé wọn nínú oṣù Kejì, òdòdó ọdún yẹn ló gé dànù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tanná tán ni kí a tún wọn ṣe, bó bá pọn dandan. Montana ní tirẹ̀ lè gùn kọjá mítà 8. Kí a má gbìn ín sídìí fẹ́ńsì kékeré, nítorí yóò gun òrùlé, yóò sì wọ inú ọ̀nà omi òjò.

Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn olódòdó ńlá tó ń tanná nínú oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà, tí 'Nelly Moser' wà lára wọn. Igi ọdún tó kọjá ni òdòdó àkọ́kọ́ wọn ń tara rẹ̀ yọ. Àwọn kan tún máa ń tanná díẹ̀ ní òpin ìgbà ooru. Nínú oṣù Kejì, kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí a máa sọ̀ kalẹ̀ títí tí a ó fi kan ojú méjì tó sanra tó kọjú síra, kí a gé e sókè wọn, kí a sì dúró síbẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ló ń gba sùúrù jù. 'Nelly Moser' kò fẹ́ oòrùn gangan. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣá. Ògiri tó kọjú sí àríwá tàbí ìlà-oòrùn ló bá a mu.

Ẹgbẹ́ kẹta ni mo máa ń fẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ gbìn. Láti òpin oṣù Kẹfà lọ ni wọ́n ń tanná, lára igi tó hù lọ́dún yẹn gan-an: 'Jackmanii', gbogbo ìdílé viticella, àti tangutica aláwọ̀ ìyeyè. Nínú oṣù Kejì sí Ìkẹta, kí a gé gbogbo rẹ̀ kù sẹ̀ǹtímítà 30 sí ilẹ̀, sókè ojú méjì tó lágbára. Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀. Bí a kò bá gé wọn, ìsàlẹ̀ wọn á di igi lásán, òdòdó á sì lọ jókòó sókè níbi tí ẹyẹ nìkan ti lè rí i.

Bí a bá bá clematis nínú ọgbà tí a kò sì mọ ẹ̀yà rẹ̀, kí a má fọwọ́ kàn án fún ọdún kan. Kí a wò ó, kí a kọ oṣù tó tanná sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣi èyí tó yẹ kó gé mú, òdòdó ọdún kan ló pàdánù, igi náà kò ní torí rẹ̀ kú.

OHUN TÓ Ń GÙN

Clematis kò ní ẹ̀gún tí yóò fi há, kò sì ní gbòǹgbò tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Igi ewé rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ewé mọ́ ìtàkùn, ló máa ń yí mọ́ nǹkan. Kò lè yí mọ́ òpó fẹ́ńsì nítorí ó ti nípọn jù. Wáyà, okùn, igi wẹ́wẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìka ọwọ́ lọ ni ó ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ráhùn pé tiwọn kò gùn, wáyà ni kò sí níbẹ̀.

Bí ògiri ṣe lè gbé e ni igi mìíràn náà lè gbé e. Ní Sissinghurst, ọgbà olókìkí tí òǹkọ̀wé Vita Sackville-West àti ọkọ rẹ̀ Harold Nicolson dá sílẹ̀ ní Kent, 'Perle d'Azur' aláwọ̀ aró fífẹ́lẹ́ ló gbajúmọ̀ lórí ògiri tó tẹ̀ bí ààbọ̀ òbìrí tó wà nínú ọgbà rose. Rose àti viticella ń bára gbé dáadáa: nígbà tí òdòdó rose bá ń lọ sílẹ̀ nínú oṣù Keje ni ti clematis ń gòkè, a ó sì gé viticella kúrò lára rẹ̀ nínú oṣù Kejì kó tó di ẹrù fún un.

Nípa kòkòrò, ìgbín tí kò ní ìkarahun ló burú jù. Nínú oṣù Kẹta àti Ìkẹrin, nígbà tí ọ̀mùnú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán lóru kan. Ẹni tó bá fìtílà jáde lálẹ́ lẹ́yìn òjò yóò rí wọn ṣà. Àwọn kòkòrò tó ní ẹ̀mú nídìí náà ń dá ihò sára òdòdó ní ìgbà ooru, ṣùgbọ́n wọn kì í pa á. Ìdọ̀tí funfun bí ìyẹ̀fun tó ń bo ewé ní oṣù Kẹjọ fi hàn pé omi kò tó nídìí rẹ̀.

Ẹni tí kò ní ju bàkónì tàbí pèpéle ilé lọ kò gbọ́dọ̀ rò pé òdòdó yìí kò sí fún òun. Raymond Evison, tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí clematis ní erékùṣù Guernsey fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti mú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà kúkúrú jáde tí wọn kì í ga púpọ̀, tí wọ́n sì ń tanná láti ìsàlẹ̀ dókè. Kí ìkòkò náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, kí ihò wà nídìí rẹ̀, kí ẹni tó ni í má sì gbàgbé omi. Ilẹ̀ inú ìkòkò lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan ní oṣù Keje, kò sì sí abẹ́ ilẹ̀ tí gbòǹgbò lè sá lọ.

BÍ A BÁ GBÉ E LỌ SÍLÉ ŃKỌ́?

Àwọn tó ń lọ sílé fún Kérésìmesì máa ń béèrè bóyá àwọn lè gbé e dé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Ìdáhùn tèmi ni pé kí wọ́n má dán an wò. Àwọn olódòdó ńlá yìí nílò òtútù tí wọ́n fi ń sùn, tí wọ́n sì fi ń kó agbára jọ fún ìgbà ìrúwé. Ooru wa kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Òfin sì wà lórí gbígbé ohun ọ̀gbìn láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí àrùn.

Kì í ṣe pé ìdílé rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa. Clematis hirsuta àti Clematis grandiflora wà nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọn kì í ṣe òdòdó ọjà, wọn kò sì ní àwọ̀ títàn bíi ti àwọn ti Woking, ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni wọ́n. Fún ògiri ilé ní Ìbàdàn, bougainvillea àti allamanda tó ti wà lára fẹ́ńsì wa tipẹ́tipẹ́ tó ẹni í yangàn.

Gbígbé ohun ọ̀gbìn láti ibì kan sí òmíràn sì lè di wàhálà. Vitalba tí ó ń hù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ létí ọ̀nà ní England, nígbà tó dé New Zealand, ó di ọ̀tá igbó. Ó ń gun igi ìbílẹ̀ wọn, ó ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ títí wọn kò fi ní rí oòrùn, owó ńlá ni wọ́n sì ń ná láti pa á run.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain, àsìkò méjì ló dára láti gbìn ín: oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, nígbà tí ilẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún. Bí ẹ kò bá gbin clematis rí, ẹ ra 'Polish Spirit', ọ̀kan lára iṣẹ́ ọwọ́ Franczak, tàbí 'Étoile Violette'. Ìdílé viticella ni àwọn méjèèjì, àrùn kì í sábà mú wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ni ẹ ó gé wọn. Ẹ wo ìdí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tó ní ìtàkùn méjì tàbí mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ sàn ju èyí tó ti ń tanná lórí ẹyọ igi kan lọ. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti oṣù tó ń tanná sílẹ̀, ẹ so ó mọ́ wáyà níbi tí òjò kò ti ní pa á rẹ́, kí ẹni tó bá gba ilé náà lọ́wọ́ yín lè mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó tó gbé ọkọ́.